Bí A Ṣe Gbé Ìyàwó Kẹta Sókè

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ ni jíìpù,

Ẹ kú ìsinmi. Mi ò ní béèrè bóyá ara yín le, nítorí ẹni tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹbí yìí, kò sí ohun tó tún lè ṣe é mọ́. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ ni kí ẹ bá dárò. Ọ̀rọ̀ Ìyàwó Kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò.

Bí ẹnìkan bá ń bá yín ka lẹ́tà yìí níbẹ̀ yẹn, ẹ tètè ṣàlàyé fún un pé jíìpù ni Ìyàwó Kẹta, kí wọ́n má baà lé yín kúrò níbi tó dára. Ẹ sọ fún un pé gbàǹjo lẹ ti rà á, nígbà tí àwọn tó ń la ọ̀nà ń ta irinṣẹ́ wọn, pé ó dàgbà jù mí lọ, àti pé bí òjò bá ń rọ̀ níta, ó ń rọ̀ nínú rẹ̀ náà. Ẹ sọ fún un pé Màmá mi àti Ìyá Tájù, ìyálé wọn, tí wọn kò fẹnu kò rí lórí iye ata tó yẹ kó wọ ọbẹ̀, fẹnu kò lọ́jọ́ tí ẹ wa jíìpù náà wọlé pé ẹ ti fẹ́ ẹ̀kẹta. Èébú ni wọ́n fi ṣe. Ẹ̀yin gbà á bí oríkì, ẹ ra ọ̀dà funfun, ẹ kọ ọ́ sí i lẹ́yìn. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Bàrígà ṣì ń kà á tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé Màmá kò sí níbi ìsìnkú yín. Àbí ẹ kò mọ̀? Ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi wá sílẹ̀ gan-an ni wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí egungun ìbàdí wọn kán. Nígbà tí à ń gbé yín lọ sí Òkè-Ọ̀pẹ, ọsibítù eegun ní Igbóbì ni wọ́n wà, tí wọ́n fi irin wíwúwo fa ẹsẹ̀ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò lè gun ọ̀kadà, wọn kò sì lè rìn jìnnà. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà sílé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: báwo ni ibẹ̀ ṣe rí? Bọ̀dá Tájù ní igi kòkó kan wà lókè orí yín. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní kì í ṣe kòkó, obì ni. Èmi ò rántí igi kankan, bàtà àwọn èèyàn ni mo ń wò lọ́jọ́ náà. Ìyá Tájù ló wá sọ èyí tó dun Màmá jù. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ tutù. Mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti bá Ìyá Tájù jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́. Kì í ṣe ìjà. Ẹnìkan ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnìkejì kò tíì tẹ̀ ẹ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi pinnu pé a ó gbé Màmá lọ síbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òkè-Ọ̀pẹ kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n àwọn lọ́rì agégẹdú ti fi táyà gbẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ di kòtò gígùn méjì, òkìtì wá wà láàárín. Ọkọ̀ kékeré tó bá gba ibẹ̀, ikùn rẹ̀ ló máa jókòó lé òkìtì yẹn, táyà rẹ̀ á máa yí lófìfo. Bó ṣe ṣe ọkọ̀ tó gbé yín nìyẹn. Èjìká ọmọ ènìyàn lẹ fi parí ìrìn àjò yín. Ìyàwó Kẹta nìkan la ní tó lè dé ibẹ̀, òun náà sì ti rẹlẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀ bí ìgbànú àgbàlagbà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀. Láràárọ̀, kí ẹ tó fẹnu kan ògì, ẹ máa ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ẹ ó ki ìkúùkù yín bọ àárín irin ásù tó so táyà méjèèjì pọ̀ àti rọ́bà tó wà lókè rẹ̀, àtàǹpàkò yín á dúró gangan. Bó bá wọ̀ ọ́, ẹ ó súfèé wọlé. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ ó dákẹ́, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ ìbéèrè. Ní oṣù tí ẹ lò kẹ́yìn, ìka mẹ́ta péré ló ń wọ ibẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo rí i. Síbẹ̀ ẹ súfèé wọlé. Kí lẹ rí tí ẹ fi ń súfèé? Mo ti fi ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ rán mi lọ kọ́ ní politẹ́kíníìkì wò ó títí, kò yé mi.

Èrò tèmi rọrùn. Kí á ra sípíríǹgì tuntun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, kí á fi íńṣì méjì péré kún gíga rẹ̀, kí Màmá lè gbé ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, kí ìbàdí wọn má sì fò lójú ọ̀nà. Ká ní mo ṣe é láìsọ fún ẹnikẹ́ni, à bá ti lọ, à bá ti bọ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹbí.

Ẹ ò lè mọ̀ bí wọ́n ṣe pín ogún yín. Ilẹ̀, wọ́n pín in sí ìdí igi méjì, ti Ìyá Tájù àti ti Màmá. Yàrá, wọ́n pín in. Agbádá yín, wọ́n pín in, fìlà wà lọ́dọ̀ ẹnìkan, ṣòkòtò wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìgbà tó kan jíìpù, Bàbá Kékeré wúkọ́.

"Ìyàwó lẹ̀yin fúnra yín pè é," ni wọ́n wí. "Ìyàwó olóògbé, ta ló ń ṣú u lópó? Àbúrò olóògbé ni."

Bọ̀dá Tájù ní, "Bàbá Kékeré, opó tí kò lè dìde yìí? Ṣé ẹ máa pọ̀n ọ́n lọ sílé yín ni?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a pé ti gbogbo wa ni. Ẹ sì mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ní ohùn lórí rẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀ yín. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé àwọn ológun ti lọ. Ìjọba alágbádá ti dé. Bàbá Kékeré náà du ipò kánsílọ̀, wọ́n fìdí rẹmi, ìdì pósítà wọn sì kún yàrá ẹrù wa dé òrùlé, ojú wọn ń wo gbogbo ẹni tó bá lọ mú gàrí. Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí a kì í dìbò lé nínú ilé yìí. Nítorí náà, nígbà tí mo ní kí á jọ sọ̀rọ̀ lórí gíga jíìpù, wọ́n ní ká ṣe é bó ṣe yẹ, kí olúkúlùkù wá polongo.

Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ara wọn. "Íńṣì mẹ́fà! Kí àwọn ará Òkè-Ọ̀pẹ gbójú sókè kí wọ́n tó rí wa. Àwọn alága káńsù tó ń fi jíìpù kọjá ní Fádèyí, ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí?"

Bọ̀dá Tájù ní tiwọn kò la ariwo lọ. Ẹ rántí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn àtijọ́ ní Ṣómólú, èyí tó kú tí wọn kò gbà pé ó kú? Wọ́n ti tú ẹsẹ̀ rẹ̀, irin gbẹrẹgẹdẹ mẹ́rin. Wọ́n ní kí á ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ àárín ásù àti sípíríǹgì, kí á fi bóòtù gígùn dè é. "Irin Jámánì ni. Ó gbé ẹ̀rọ, kò sọ pé ó rẹ òun. Ṣé jíìpù ló máa wá rẹ̀ ẹ́ lábẹ́ rẹ̀?"

Mùfútáù mẹkáníìkì tún wà níbẹ̀, Múfú tí a jọ lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ẹ máa ń fún ní ẹ̀pà. Òun ní sípíríǹgì típà ló dáa, irú èyí tó wà lábẹ́ àwọn típà tó ń kó yanrìn létí ọ̀sà. Kí á mú ewé mélòó kan, àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra, nínú rẹ̀, kí á tò ó mọ́ ti jíìpù.

"Ohun tó ń gbé yanrìn, ṣé Màmá ni kò ní lè gbé?"

Mo ní, "Múfú, yanrìn ò ní egungun ìbàdí. Bí yanrìn bá fò, kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ Igbóbì."

"Èńjíníà, ìwọ ka ìwé, èmi ka irin."

"Irin wo lo kà tí mọ́tò tó o tún ṣe níjọ́sí fi ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn?"

"Akàn náà ń délé."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn. Mo ní bí a bá gbé ara jíìpù ga jù, irin gígùn tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, pùrọ̀pẹ́là, yóò dà gẹ̀rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì máa gbọ̀n. Bàbá Kékeré béèrè bóyá orúkọ pùrọ̀pẹ́là wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ì bá ti rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ yín.

Màmá wà lórí àga yín, wọ́n gbé ọ̀pá lé itan. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ̀rọ̀. "Níbo ni mo máa gbé ẹsẹ̀ mi lé tí mo bá fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Ìyàwó wa, ẹ ní sùúrù," ni Bàbá Kékeré dáhùn. "Ètò ìdìbò la wà. Tó bá kan ẹsẹ̀, a máa dé ibẹ̀."

Bọ̀dá Tájù ti tẹ ìwé ìdìbò fún wa, aláwọ̀ méjì, tó mọ́ tónítóní. Àwòrán ọkùnrin tó nàró dúró fún íńṣì mẹ́fà, àwòrán irin dúró fún tiwọn, àwòrán típà dúró fún ti Múfú. Tèmi, táyà kékeré kan tó ṣókùnkùn báyìí ni. Wọ́n ní yíǹkì ló ń tán lọ. A ju ìwé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí Màmá fi ń pọn omi. Àwa márùn-ún la wà ní pálọ̀. Ìwé mọ́kànlá ló jáde. Íńṣì mẹ́fà ló borí, ìbò rẹ̀ nìkan ju iye gbogbo wa lọ. Màmá ní àwọn ò tíì dìbò o. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn ti bá wọn dì í.

Ẹ má bínú, mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ṣùgbọ́n Múfú ní òun ò bá wọn ṣe mọ́ bí wọn ò bá lo sípíríǹgì òun. Bọ̀dá Tájù ní ta ló ra ìwé, ta ló ra yíǹkì. Bàbá Kékeré dìde, wọ́n na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun, wọ́n ní kò sẹ́ni tó pàdánù. Ìjọba àjùmọ̀ṣe la máa ṣe. Kí á to sípíríǹgì típà sí i. Kí á ki irin Jámánì sábẹ́ rẹ̀. Kí á tún ra táyà ńlá, kí íńṣì mẹ́fà lè pé, bó bá sì lé, kó lé. Mo béèrè pé ti èmi ńkọ́. Wọ́n ní ìwé ọmọbìnrin dára púpọ̀ fún àkọsílẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé.

Bàbá, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀.

Abẹ́ igi fúrúùtù inú ọgbà wa ni Múfú ti ṣiṣẹ́ náà. Ó ní bí òun bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ àdúgbò á jí jáàkì mọ́ òun lọ́wọ́. Nígbà tó gbé jáàkì kúrò lábẹ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó. Ó ga. Ó ga bí ẹni tó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè nítorí ẹrẹ̀. Mo ki ìkúùkù mi bọ ibi tí ẹ máa ń ki tiyín bọ̀. Ìkúùkù méjì wọ̀ ọ́ lórí ara wọn, àyè tún ṣẹ́kù. Adìẹ kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sáré rárá. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n ya àwọn ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé la yàn. Màmá ti wẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Wọ́n ró àdìrẹ tí ẹ rà fún wọn, èyí tí wọ́n ní ó ti dàgbà jù fún àwọn nígbà náà, tí wọ́n wá ní ó bá àwọn mu báyìí. Ìyá Tájù dé láti Pedro, níbi tí wọ́n ń gbé, nítorí àwọn ló mọ ojú ibojì náà dájú. Àwọn méjèèjì kí ara wọn bí àwọn tó pàdé ní báǹkì. Múfú ṣáná sí i. Ìyàwó Kẹta hú, ó jí, ó yọ́ lọ sí ẹnu géètì.

Ó sì dúró síbẹ̀.

Bàbá, ẹ rántí bíìmù orí géètì? Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ kò pe bíríkìlà. Ẹ fi ìka kọ RỌRA WỌLÉ sí i kí kọnkéré tó gbẹ, àmì abẹ́ Ọ yẹn sì kéré jù nítorí èékánná yín ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. A ṣèpàdé, a dìbò, a ṣèjọba àjùmọ̀ṣe, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo géètì. Ẹ tún wò ó, káńsù tuntun ti da ilẹ̀ pupa sójú ọ̀nà wa, wọ́n ní èrè ìjọba alágbádá nìyẹn, ilẹ̀ náà sì ti wọ́ wọ abẹ́ géètì. Ilẹ̀ ti ga, jíìpù ti ga. Bíìmù yín nìkan ni kò mọ̀ pé ìjọba ti yí padà.

Bàbá Kékeré ní, "Ta ló yẹ kó wọn géètì?" Gbogbo wọn wá kọjú sí mi.

Mo ní, "Akọ̀wé kì í wọn géètì. Alága ló ń wọ̀n ọ́n."

Bọ̀dá Tájù ti wọlé lọ mú òòlù ńlá. Wọ́n ní kí á fọ́ bíìmù, kí á tún un ṣe tí a bá dé. Màmá rọra fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀, wọ́n dúró.

"Tájù, ẹni tó bá fẹ́ fọ́ ìyẹn, orí mi ni kó ti bẹ̀rẹ̀."

Bọ̀dá Tájù gbé òòlù sílẹ̀. Múfú ní kí á yọ atẹ́gùn inú táyà. A yọ ọ́ títí táyà fi tẹ́ bí ẹ̀kọ tútù. Òrùlé jíìpù ṣì fi bí ìka mẹ́ta kan bíìmù. A béèrè lọ́wọ́ Múfú bóyá ó lè tú sípíríǹgì. Ó ní ó lè tú u, tó bá di ọ̀la, nítorí bóòtù ẹsẹ̀ ẹ̀rọ Bọ̀dá Tájù ti há. Bọ̀dá Tájù ní bóòtù irin Jámánì kì í há, ọwọ́ Múfú ló há. Bàbá Kékeré ní àwọn ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé íńṣì mẹ́fà ti pọ̀ jù. Mo wo ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo wo ojú wọn. Mo pa ìwé dé.

Láàárín ariwo yìí ni mo rí Màmá. Wọ́n ti jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, báàgì wọn wà lórí itan, wọ́n sì ń tú gèlè wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bọ́ aṣọ. Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sinmi."

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ bá sọ? Ọ̀rọ̀ yín kì í pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ń súfèé lọ.

Ìyá Tájù, tí ìdúró ti sú, ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jíìpù. Wọ́n fà á, wọ́n gùn ún, wọ́n jókòó gbì. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kò fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe jókòó, mo rí i pé òrùlé sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ lára bíìmù. Kò ju ìbú èékánná kan lọ, ṣùgbọ́n mo rí i. Bàbá, gbogbo ọdún tí mo lò ní politẹ́kíníìkì kọjá lójú mi. Ẹrù. Sípíríǹgì típà, ẹrù ló ń béèrè.

"Ẹ má bọ́lẹ̀!" Mo pariwo. "Ìyá Tájù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́lẹ̀! Bọ̀dá Tájù, ẹ wọlé. Bàbá Kékeré, ẹ wọlé."

Bàbá Kékeré ní ọkọ̀ ọ̀rẹ́ àwọn kan làwọn ti ṣètò láti fi lọ, kí àwọn lè máa tẹ̀lé jíìpù lẹ́yìn bó ṣe yẹ aṣáájú.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ná, kí ẹ tó tẹ̀lé e."

Wọ́n wọlé. Ìdajì ìka lọ. Kò tó. Mo lọ sí yàrá ẹrù, èmi àti Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í kó pósítà Bàbá Kékeré, ìdì lórí ìdì, a tò ó sábẹ́ ìjókòó, a tò ó sí ẹ̀yìn. Inú wọn tilẹ̀ dùn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé ó ṣì máa wúlò. Òrùlé tún sọ̀kalẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Tájù.

Mo gbé àpótí síbẹ̀, mo gbé òmíràn lé e. Màmá gun ti àkọ́kọ́. Ìyá Tájù na ọwọ́ síta.

"Ìyàwó, mú ọwọ́ mi."

Màmá wo ọwọ́ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mú un.

"Ẹ rọra o, Ìyálé. Ìbàdí mi."

"Mo ti mọ̀. Èmi ni mò ń fà ọ́, kì í ṣe Múfú."

Wọ́n wọlé, jíìpù sì jókòó jẹ́jẹ́. Kí n tó gun ún, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Mo ki ìkúùkù mi bọ ibẹ̀, mo na àtàǹpàkò sókè. Ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo gbìyànjú láti súfèé. Atẹ́gùn lásán ló jáde, Múfú sì béèrè bóyá táyà kan tún ń jò.

Múfú wà á lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo wa tẹrí ba nínú ọkọ̀, bí ẹni pé orí wa ló fẹ́ kan bíìmù. Ẹ̀rún kọnkéré díẹ̀ já bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. A jáde. Múfú sọ̀ kalẹ̀ lọ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, kò sì sẹ́ni mìíràn tó bọ́lẹ̀, nítorí Bàbá Kékeré wo bí ilẹ̀ ṣe jìn tó, wọ́n gbàgbé ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wọn.

Ohun kan wà tí mi ò ní sọ fún Múfú láéláé. Sípíríǹgì rẹ̀ gbé wa jẹ́jẹ́. Ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ ni kò jẹ́ kó fò. Nígbà tí a dé ojú kòtò àwọn agégẹdú, òkìtì náà gba abẹ́ wa kọjá láìfọwọ́ kan ohunkóhun, Màmá sì ti sùn lé èjìká Ìyá Tájù. Ìyá Tájù kò mira. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti kú tipẹ́, kí á má jí i.

Igi tó wà lókè orí yín, Bàbá, kì í ṣe kòkó, kì í ṣe obì. Ìgbá, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, ni. Ẹ wo irú ẹbí tí ẹ bí.

Ìyá Tájù mú Màmá lọ́wọ́ dé ibẹ̀. "Ibí ni orí wà," wọ́n wí, "ibí ni ẹsẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bá Màmá bọ́ bàtà, nítorí Màmá kò lè bẹ̀rẹ̀. Màmá gbé ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbé èkejì. Wọ́n dúró pẹ́.

"Ìyálé, òótọ́ lẹ sọ. Ó tutù."

Ṣé ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ wọn?

Nígbà tí à ń bọ̀, Bàbá Kékeré ní kí Múfú já àwọn sílẹ̀ ní Fádèyí. Màmá ní, "Ọkọ mi, níbo lẹ ń lọ? Ta ló máa tẹ̀ ẹ́ wọlé?" Wọn kò bọ́lẹ̀. Ìyá Tájù kò dúró ní Pedro. Gbogbo wa la wọlé, a tún tẹrí ba.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí. Mo ti ní kí á yọ irin, wọ́n ní rárá. Mo ní kí á kó ilẹ̀ pupa kúrò, wọ́n ní ti ìjọba ni. Màmá ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀. Bí Màmá bá fẹ́ lọ rí dókítà ní Sátidé, mo gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí Ṣómólú, kí n ránṣẹ́ sí Pedro, kí n lọ jí Bàbá Kékeré. Bí ẹnìkan kò bá sí, jíìpù ò ní jáde. Bí ẹnìkan bá bínú lójú ọ̀nà, kò gbọ́dọ̀ bọ́lẹ̀. Ìyá Tájù ti wá ń sùn níbí ní òru Ẹtì, wọ́n ní kí àwọn má baà pẹ́ dé. Àwọn àti Màmá ń jà lórí ata láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ti sú mi, Bàbá. Mo kàwé, mo gba ìwé-ẹ̀rí, mo wá di ẹni tó ń ka orí èèyàn kí géètì tó ṣí.

Bàbá Kékeré ti pe ìpàdé mìíràn sí ọjọ́ Àìkú. Wọ́n fẹ́ kí á dìbò lórí ẹni tó máa jókòó níwájú. Bọ̀dá Tájù ti ń tẹ ìwé.

Bí ẹ bá rí àyè, ẹ bá mi súfèé sí wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, akọ̀wé ìpàdé, ẹni tó ń jókòó lórí pósítà.